Báyọ́lọ́jì ni àbí Ìṣirò? Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ SS2 ti ń múra àtiwọ kíláàsì àṣekágbá ni lẹ́tà ti ń wọlé sí mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ẹnjiníà ni kí ọmọ ṣe ni, àbí dókítà? Mo mú mẹ́ta nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé.

Ìbéèrè: Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Òṣogbo níbí. Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ti fẹ́ parí SS2. Bàbá rẹ̀ ní dókítà ló máa ṣe. Ọkọ̀ tó ń gbé ìyá ọkọ mi lọ sílé ìwòsàn ló há sójú ọ̀nà tó ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni màmá sì kú sí. Àtìgbà náà ni ọkọ mi ti ń sọ pé dókítà gbọ́dọ̀ ti ilé òun jáde. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ẹnjiníà ní Èkó ní kí a má fi orí ìṣirò tí ọmọ yìí ní ṣòfò. Ìyá mi ní obìnrin kì í gun òpó iná. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní èyí tí a bá ti mú lòun máa ṣe. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ó gba 81 nínú ìṣirò, 78 nínú Físíìsì, 74 nínú Kẹ́mísìrì, 76 nínú Báyọ́lọ́jì. Ẹni tó ni ibi tó ti ń gba lẹ́sìn ní kí n san owó méjì kó lè máa múra fún méjèèjì pọ̀, ó sì ní òun mọ ibi tí wọ́n ti máa ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí a bá ṣì í yàn, ayé ọmọ yìí ti bàjẹ́ nìyẹn.
Ìyá kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Ẹ ó jèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìdánwò gan-an bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín lásán. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni JAMB ń bi ọmọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà máa ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà máa ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì ni wọ́n sì fi ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìbéèrè 140 ni kò yí padà rárá, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe ẹnjiníà. 40 péré ló yàtọ̀. Kí wá ni owó méjì wà fún? Bó bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì rẹ̀ dáadáa láti ìsinsìnyí, kò sí wákàtí kan níbẹ̀ tó máa ṣòfò.

Ní ti WAEC, kó má fi èyíkéyìí sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò pẹ̀lú Báyọ́lọ́jì, Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì fẹ́ kí márààrún jẹ́ ti ìjókòó kan ṣoṣo. Bó bá ṣe ìṣirò àti Báyọ́lọ́jì ní WAEC, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún un títí di ọjọ́ tó bá máa gba fọ́ọ̀mù JAMB. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n sábà máa ń tà á. Lọ́dún 2025, láti ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni, ó sì parí lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Ẹ ṣì ní oṣù púpọ̀ níwájú. Ibi tí ilẹ̀kùn ti ń tì ni ìdánwò fúnra rẹ̀: bí ọmọ bá ti jókòó ṣe ìṣirò, tí kò ṣe Báyọ́lọ́jì, kò sí bó ṣe lè wọ ilé ẹ̀kọ́ dókítà lọ́dún yẹn.

Ọ̀rọ̀ "a máa ràn án lọ́wọ́" yẹn ńkọ́? Ẹ yọ ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ níwọ̀n lórí èyí. Ọmọ tó gba 81 nínú ìṣirò pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ni ẹnì kan fẹ́ kọ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ kò tó. Mírákù sẹ́ńtà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe màgòmágó ìdánwò, ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́, kì í sì í ṣe kìkì nítorí pé JAMB lè fagi lé èsì wọn. Ìgbẹ́kẹ̀lé ara ẹni tó bá sọ nù níbẹ̀ kì í tètè padà, àwọn iṣẹ́ méjèèjì tí à ń sọ yìí kò sì ṣeé ṣe láìsí i. Ẹ wá olùkọ́ mìíràn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Mo ka lẹ́tà yín lákàtúnkà. Ọ̀rọ̀ bàbá wà níbẹ̀, ti àbúrò yín wà níbẹ̀, ti ìyá àgbà wà níbẹ̀, kódà ti oní-lẹ́sìn wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ti ọmọ, èyí tí ẹ bá ti mú lòun máa ṣe. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀ láti bá yín mú ọ̀kan. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní Físíìsì ní Ìbàdàn, àwọn ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, mo sì mọ irú gbólóhùn yẹn. Ọmọ tó bá ń sọ ọ́ ti ní tirẹ̀ nínú. Kò fẹ́ kí bàbá àti àbúrò ìyá òun torí òun bára wọn jà ni.

Máàkì kọ́ ló máa sọ fún yín. Àárín 76 àti 81 kò ju kí olùkọ́ kan lawọ́, kí èkejì háwọ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ wá ìbéèrè àtẹ̀yìnwá JAMB. Ní Sátidé kan, kó ṣe 40 nínú ìṣirò, kó fi ìṣẹ́jú 27 ṣe é, nítorí ìṣẹ́jú méjì ni ìbéèrè mẹ́ta ní nínú ìdánwò gidi. Ní Sátidé kejì, kó ṣe ti Báyọ́lọ́jì. Ẹ má wo iye tó gbà. Ẹ wo ohun tó bá ṣe sí èyí tó kùnà. Èwo ló padà lọ wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an? Èwo ló ń sọ fún àbúrò rẹ̀ nídìí àwo oúnjẹ? Èwo ló pa ìwé rẹ̀ dé, tó ní ó ti sú òun?

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ràn nínú èyí tó padà lọ wò. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà tó fẹ́ràn Báyọ́lọ́jì débi pé gbogbo wa ń pè é ní dókítà. Ó máa ń ya àwòrán ọkàn ènìyàn lọ́nà tó fi máa ń yà mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló rí nínú ọkàn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn kéékèèké inú rẹ̀ ni, pé báwo ló ṣe ń ṣí fún ẹ̀jẹ̀, tó sì ń padé kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn, láìsí ẹni tó ń tì í. Kò sọ̀rọ̀ aláìsàn rí. Ẹ̀rọ ló ń wò. Ẹnjiníà ló padà kọ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi ló ń ṣe títí dòní. Mo tún ní òmíràn tó mọ Físíìsì ju gbogbo kíláàsì lọ, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ti dákú lórí ìlà ní àárọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, òun ló sì máa rántí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láti bi ọmọ náà bí ara rẹ̀ ti rí. Ìyẹn wà ní ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló sì yẹ ẹ́.

Kí ọmọ tún mọ bí ọjọ́ iṣẹ́ ṣe rí, torí orúkọ oyè nìkan ni àwa òbí sábà máa ń rí. Ìmọ̀ dókítà, ọdún mẹ́fà ni. Kó tó máa dúró nídìí ibùsùn aláìsàn, ó máa ti kọ́kọ́ ka ẹ̀yà ara àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lákàsọ́rí, orúkọ lórí orúkọ, ìdánwò ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ti yọ ọ̀pọ̀ kúrò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọdún kan ti housejob lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, kó tó wá kan àgùnbánirọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di àgbà nínú ẹ̀ka kan ṣì máa kàwé lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti ẹnjiníà jẹ́ ọdún márùn-ún. Ìṣirò kò tán ní ọdún àkọ́kọ́, ńṣe ló ń le sí i. Yíya àwòrán iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, oṣù mẹ́fà sì wà tí wọ́n ń lọ fi kọ́ṣẹ́ níta, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní IT. Ẹ fi ìyanṣẹ́lódì kún ti méjèèjì. Ti ọdún 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ sì wà níbi tó dára láti fi ojú rí i. Òṣogbo yín yẹn ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà. Nígbàkigbà tí a bá gbọ́ pé "grid ti wó", tí òkùnkùn bo láti Èkó dé Kánò, àwọn ẹnjiníà tó wà ní Òṣogbo ló ń jí i padà díẹ̀díẹ̀. Nínú ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí yín, kò lè ṣàìsí ẹni tó mọ òṣìṣẹ́ iná kan. Kí ọmọ bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kó bi í pé kí ló ṣe lánàá, kì í ṣe pé èló ló ń gbà. Ní ọjọ́ mìíràn, kí nọ́ọ̀sì kan tí ẹ mọ̀ jẹ́ kó jókòó ní ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Tó bá délé, ẹ jẹ́ kó ròyìn. Bó bá jẹ́ ìyá arúgbó tó jókòó ti ògiri ló ń sọ, ẹ gbọ́. Bó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ tó ń kú lákúkú ló ń sọ, tàbí ẹ̀rọ ìyàwòrán tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ẹ gbọ́ ìyẹn náà. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn gan-an ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Wọ́n ń kọ́ni ní Biomedical Engineering ní Yunifásítì Èkó, FUTA ní Àkúrẹ́ sì ní Biomedical Technology. Ẹ wo IBASS, ìyẹn ìwé ìtọ́nà JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè.

Ẹ bá mi kí bàbá. Ikú ìyá ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn tí ẹ̀yin fúnra yín kọ: ọkọ̀ há sójú ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Màmá kò tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá ṣe ọ̀nà tí kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, màmá irú èyí náà ló fẹ́ gbà là. Mi ò sọ ọ́ láti fi ti ọmọ sí iṣẹ́ ẹnjiníà. Mo sọ ọ́ kí bàbá lè mọ̀ pé ọ̀nà tí ọmọ yìí lè gbà dá màmá tó kú náà lọ́lá ju ẹyọ kan lọ.

Ní ti ìyá yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì gboyè dókítà ní Dublin lọ́dún 1938, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Nígbà yẹn, iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ń pe ìyẹn náà. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1958 ti ní obìnrin ní ààrẹ: Margaret Oguntala bọ́ sípò náà lọ́dún 2024. Àbúrò yín ẹ̀wẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kó dáhùn ohun tí ọmọ bá bi í. Kó má pe bàbá lórí fóònù mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó ṣòro jù ló kù, ọwọ́ yín ló sì wà. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ bá bàbá. Mo mọ̀ pé ìyá ló sábà ń ṣe alágbàsọ nílé wa, pé ẹ fẹ́ fi dáàbò bò ó ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó máa dúró níwájú aláìsàn tàbí níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó dàgbà jù ú lọ gbọ́dọ̀ lè kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, kó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí ni mo fẹ́, ìdí rẹ̀ nìyí." Kó kọ ohun tó rí ní ibi méjèèjì sílẹ̀. Kó mú ìwé náà dání. Kí bàbá bi í ní ìbéèrè, kó dáhùn, kí ẹ̀yin sì jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ ṣe é ṣáájú Kérésì, kí ariwo fọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ dókítà ló mú, ẹ mọ̀ pé àyè kò tó àwọn tó ń fẹ́ ẹ, máàkì tí wọ́n ń béèrè sì máa ń ga. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan náà lè gbé e lọ síbi ìmọ̀ egbòogi òyìnbó, nọ́ọ̀sì, ìtọ́jú eegun àti iṣan, tàbí iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ jíròrò ìyẹn náà ṣáájú, kó má baà dà bí ìjìyà bó bá bọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ẹnjiníà, kó sọ irú rẹ̀: iná ni, ọ̀nà àti ilé ni, ẹ̀rọ ni, àbí ti kẹ́míkà. Ọjọ́ iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. Ẹ̀rù ìṣìyàn tí ẹ sọ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó yí ọ̀nà padà ní ọmọ ọdún 20, tí ayé rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Èyí tí mo rí tó bàjẹ́ ni ti ọmọ tí kò sí ẹni tó bi í léèrè rárá.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Mo ṣe JAMB lọ́dún yìí pẹ̀lú ìṣirò, mo gba 262. Ẹnjiníà iná ni mo mú. Ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ dókítà, ó sì ti ń wù mí. Wọ́n ní mo lè yí kọ́ọ̀sì padà bí mo bá sanwó. Ṣé òótọ́ ni?
Ọmọkùnrin kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kú oríire 262. Òótọ́ ni pé JAMB ń gba owó láti fi yí kọ́ọ̀sì padà, ṣùgbọ́n kò sí owó tó lè sọ ìṣirò tí o ti ṣe di Báyọ́lọ́jì. Bí o bá yí i sí ti dókítà, o sanwó, o sì pàdánù àyè tí o ìbá ní. Má ṣe é.

Bó bá jẹ́ pé dókítà lo fẹ́ lóòótọ́, o lè tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú Báyọ́lọ́jì. O tún lè ṣe A-level nínú Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, kí o gba Direct Entry, ìyẹn ìgbàwọlé tí wọ́n ń fi èsì A-level ṣe. Àwọn yunifásítì kan ń gbà á fún ìmọ̀ dókítà, àwọn mìíràn kò gbà á, nítorí náà wo IBASS kí o tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o dá jókòó kí o dáhùn èyí: ká ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì kò rí ilé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ lọ́dún yìí, ṣé ó ṣì máa wù ọ́? Ọdún kan gbáko ni ìdáhùn rẹ máa ná ọ. Bí o bá ṣiyèméjì, lọ kọ ìdánwò àṣewọlé ti ẹnjiníà iná tí o mú. Orílẹ̀-èdè yìí nílò rẹ níbẹ̀ gidigidi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, vọkanáísà ni mí ní Ìkòròdú. Ọmọkùnrin mi fẹ́ ṣe dókítà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà! Mo ní ilẹ̀ kan tí mo fẹ́ tà láti fi tọ́jú owó rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n kàn ní kó lọ ṣe ẹnjiníà, kó lè tètè jáde. Kí lẹ rí sí i?
Bàbá kan, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ọdún kan ló wà láàárín ọdún márùn-ún àti mẹ́fà. Housejob tó tẹ̀ lé e, owó oṣù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ẹ má kà á mọ́ ìnáwó yín. Ọdún kan yẹn kò tó láti fi yí ọmọ tó ti mọ ohun tó fẹ́ kúrò lọ́nà.

Yunifásítì ìjọba ni kó mú. Níbẹ̀, ó lè béèrè ẹ̀yáwó NELFUND, èyí tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024. Kò ní èlé. Wọ́n máa san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì, ó sì tún lè béèrè ₦20,000 lóṣù fún ìnáwó ara rẹ̀. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, tó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kò lè gbà á, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ NELFUND tì yín lọ síbẹ̀. Kí ọmọ tọ́jú nọ́ńbà NIN àti BVN rẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí orúkọ tó wà lórí méjèèjì bá ti JAMB mu láìsí lẹ́tà kan tó yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń há.

Ní ti ilẹ̀, ẹ má tà á báyìí. Ọmọ kò tíì ṣe ìdánwò. Ẹ dúró kí lẹ́tà ìgbàwọlé dé, kí ẹ rí iye tí yunifásítì ń béèrè gan-an lórí ìwé, kí ẹ yọ ti NELFUND kúrò. Bí ohun tó kù bá ju agbára yín lọ, nígbà náà ni kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín jọ sọ̀rọ̀ ilẹ̀.